Ìbéèrè: Ìyá ìlù àti kọ̀ǹpútà lórí ìtàgé kan náà: kí ni kí a mójú tó kí ọjọ́ eré tó pé?

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú agbo yìí. Wọ́n ti fún wa ní àyè ìṣẹ́jú 20 níbi ìpàdé orin kan ní Ìbàdàn, èmi àti onílù kan tí yóò lu ìyá ìlù dùndún. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí kọ̀ǹpútà máa gbọ́ ìlù náà láti inú máíkì, kí ó máa pa ohùn rẹ̀ dà lójú ẹsẹ̀, kí ó sì tún máa dá tirẹ̀ sọ, láìjẹ́ pé a ti ká orin kankan sílẹ̀ ṣáájú. Pure Data, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe ohùn lórí kọ̀ǹpútà, ni mò ń lò, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí kò lágbára púpọ̀, pẹ̀lú sound card kékeré (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọ inú kọ̀ǹpútà, tó sì ń gbé e jáde) tó ń gba iná láti ojúhò USB.

Nílé, ohun gbogbo ń lọ déédéé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí ni bí a ṣe ń gbé irú iṣẹ́ yìí kúrò nínú yàrá dé iwájú èrò: ohùn tó ń pẹ́ kí ó tó jáde, máíkì tó ń hó, iná tó lè lọ nígbàkigbà, àti bóyá ó yẹ kí èrò máa wo ojú kọ̀ǹpútà mi bí mo ṣe ń ṣeré. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Onílù tí a jọ fẹ́ ṣe é jù mí lọ dáadáa, ó sì ti bi mí léèrè pé kí ni ẹ̀rọ náà yóò fi ọ̀rọ̀ òun ṣe. Mi ò tíì rí èsì gidi fún wọn.

Ọmọ-Àyàn:

Ẹ kú ìmúra. Ìbéèrè tí bàbá onílù bi yín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ètò yín, nítorí pé èsì rẹ̀ ni yóò sọ irú ètò tó yẹ kí ó jẹ́. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, nítorí náà mo lè sọ ohun tí etí onílù máa ń gbọ́.

Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, pẹ̀lú yíyọ̀ tí ohùn máa ń yọ̀ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì nígbà tí onílù bá ń fún ọsán mọ́ra tàbí tó ń tú u sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá gbé odindi gbólóhùn kan sókè, tàbí tó sọ ọ́ kalẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ náà kò yẹ̀, torí pé ohun tó wà láàárín ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí padà. Ìlù tó kéré sí i tàbí tó tóbi jù ú lọ ni etí yóò rò pé ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́ gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, tó wá ń yan gíga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn. Bí ó bá dá a padà láti ìparí sí ìbẹ̀rẹ̀, ohùn tó ń gòkè yóò máa sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ yóò máa gòkè, oríkì ẹni ẹlẹ́ni sì lè di nǹkan mìíràn létí àwọn tó gbọ́ ìlù. Ìbàdàn lẹ sì ń lọ. Ẹ ò lè fọkàn sí i pé kò ní sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.

Ohùn tó ń padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ náà gba ìṣọ́ra. Bí ẹ bá ní kí ó padà lẹ́yìn 300 mílísẹ́kọ́ńdù (ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan), yóò máa bọ́ sórí sílébù tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ohùn òkè yóò gun ohùn ìsàlẹ̀, a kò sì ní mọ èyí tí onílù ń wí. Bí ẹ bá jẹ́ kí onílù parí gbólóhùn rẹ̀, tó dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ̀rọ tó gbé gbólóhùn náà wá lódindi pẹ̀lú àwọ̀ ohùn mìíràn, ọ̀rọ̀ náà yóò yé ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi fẹ́ràn èyí gan-an, torí pé ohun tí onílù àti elégbè máa ń ṣe fún ara wọn nìyẹn.

Ẹ jókòó ti bàbá náà, kí ẹ jọ pín ìṣẹ́jú 20 yẹn. Níbi tí ìlù bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ fara balẹ̀; níbi tó bá ti ń lu ijó lásán, ẹ lè ṣẹ́ ẹ, ẹ lè lọ̀ ọ́, ẹ lè dá a padà bó ṣe wù yín. Kí onílù ní gbólóhùn kan tó jẹ́ àmì pé òun ti ń bọ̀ wá sínú ọ̀rọ̀. Ẹ má fi ìyẹn lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Etí yín ni kí ó dá a mọ̀, kí ọwọ́ yín sì fa ẹ̀rọ sẹ́yìn.

Bí ètò yín bá ń fi ìlù náà pamọ́ sínú fáìlì, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí fáìlì náà lẹ́yìn eré, àti ohun tí yóò kàn wọ́n bí ẹ bá tún lò ó níbòmíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ohùn yẹn, kì í ṣe ẹrù ọ̀fẹ́.

Alákàsílẹ̀:

Ọmọ-Àyàn ti sọ èyí tó ṣe kókó jù. Tèmi kàn jẹ́ ti bí ohùn yóò ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jìyà.

Ìyá ìlù ní ṣaworo yí etí rẹ̀ ká. Bí onílù bá kàn mi ìlù lásán, láìtíì fi ọ̀pá kàn án, ṣaworo yóò dún, máíkì tó wà nítòsí yóò sì gbé e wọlé. Etí ènìyàn mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀. Ètò tó ń wá gíga ohùn kò mọ̀ ọ́n yà. Ẹ ó máa rí i tí nọ́ńbà náà ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí onílù kò tíì lu nǹkan kan. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lo máíkì méjì. Èkínní ni èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara igi ìlù, tó ń gbọ́ bí igi ṣe ń gbọ̀n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ afẹ́fẹ́. Èyí jẹ́ fún etí kọ̀ǹpútà nìkan, kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ èrò rárá, torí pé ohùn rẹ̀ gbẹ, kò sì lẹ́wà. Èkejì ni máíkì gidi tó dúró lókèèrè díẹ̀ sí ojú awọ, tó ń gbé ìlù àti ṣaworo pọ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Èyí ni kí èrò gbọ́, òun náà sì ni kí ẹ máa pa dà. Láti ìgbà tí mo ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ẹ má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ ìlù láìjẹ́ pé onílù fúnra rẹ̀ nà án sí yín pé ibí ni kí ó wà. Ọwọ́ tó ń fún ọsán nílò àyè, wáyà kò sì gbọdọ̀ fa apá rẹ̀. Téèpù tí kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lára igi ni kí ẹ lò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé irú máíkì alẹ̀mọ́ yìí kì í dún dáadáa bí a bá so ó tààrà mọ́ ojúhò máíkì lásán. Ojúhò tí wọ́n ṣe fún gìtá ló bá a mu, púpọ̀ nínú sound card kékeré sì ní in.

Nínú Pure Data, ohun èlò méjì ló wà fún iṣẹ́ yín: bonk~, tó ń mọ ìgbà tí ọ̀pá kan awọ, àti sigmund~, tó ń wá gíga ohùn. Miller Puckette tó kọ Pure Data fúnra rẹ̀ ló ṣe wọ́n, wọ́n sì wà nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa sigmund~ ni pé ó ní láti kó ohùn jọ kí ó tó lè sọ pé báyìí ni gíga rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, sample 1024 (àwọn ègé ohùn tíntìntín tí kọ̀ǹpútà ń kà) ló ń kó jọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 44100 Hz, ìyẹn sample 44100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdù 23. Bí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà bá wà ní agbègbè 100 Hz, mílísẹ́kọ́ńdù 10 ni ìgbọ̀nrìrì kan ṣoṣo ń gbà, àyè ìgbọ̀nrìrì méjì péré ló sì wà nínú ohun tí ó kó jọ yẹn. Kò tó fún un láti dá ohùn mọ̀ dáadáa. Ẹ lè sọ ọ́ di 2048 kí ó lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí èsì kọ̀ǹpútà dúró de gíga ohùn. Kí bonk~ jẹ́ ẹni tó ń sọ pé "ó ti lù ú", kí èsì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí gíga ohùn wá bá a lẹ́yìn náà, kí ó sì máa bá yíyọ̀ ìlù lọ. Dùndún kì í dúró sí ojú kan lẹ́yìn tí wọ́n bá lù ú. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ètò gbé wá, tó sì dì í mú, ti pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Oníwáyà:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti iná, ti máíkì tó ń hó àti ti ohùn tó ń pẹ́.

Ti ohùn tó ń pẹ́ kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Buffer ni iye sample tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó ṣiṣẹ́ lórí wọn: 256 ní 44100 Hz jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdù 5.8, 512 jẹ́ 11.6, 1024 jẹ́ 23, ohùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá ní wíwọlé àti ní jíjáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀: ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà onílù tó dúró ní mítà 3 sí sípíkà ti ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ìdádúró mílísẹ́kọ́ńdù 9 kí a tó dárúkọ kọ̀ǹpútà rárá. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, ẹ fi í sí 256 tàbí 512, kí ẹ sì gbé sípíkà onílù sún mọ́ ọn. Ohùn tó ń já wàràwàrà nítorí pé ẹ fẹ́ jèrè mílísẹ́kọ́ńdù mẹ́ta burú ju ìdádúró náà lọ. Ẹ pa Wi-Fi, ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe, ẹ pa gbogbo ohun tó lè mú kí ojú kọ̀ǹpútà sùn.

Ti máíkì tó ń hó: nínú ètò yín, bí ohùn bá ń yípo padà sínú ara rẹ̀ pẹ̀lú ìlọ́po 0.7, lẹ́yìn ìpadàbọ̀ mẹ́wàá, nǹkan bí 3 nínú 100 ló kù, ó sì ti kú nìyẹn. Nílé pẹ̀lú gbohùn-etí, bí ó ṣe máa rí gan-an nìyí. Ní gbọ̀ngàn, ohùn ń jáde láti sípíkà, ó tún ń padà gba inú máíkì wọlé. Ìyípo kejì tí kò sí nínú ètò yín nìyẹn, ó sì lè gbé gbogbo rẹ̀ kọjá 1. Nígbà náà kò ní kú mọ́, yóò máa pọ̀ ni. Nítorí náà, sípíkà ńlá gbọ́dọ̀ wà láàárín máíkì àti èrò, kí ó kọjú sí èrò, kì í ṣe lẹ́yìn máíkì. Ẹ gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 60 Hz kúrò pẹ̀lú hip~, ohun èlò Pure Data tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀. Kí ìlọ́po yìí sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lábẹ́ ìka yín, tí ẹ lè fà bọ̀ sí òdo láìwo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi clip~, tó ń dá ohùn dúró ní ìwọ̀n kan, sí ẹnu ọ̀nà, ṣáájú dac~ tó ń gbé ohùn jáde, kí ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ètò má baà mú ohùn kọjá ìwọ̀n tí ẹ fún un. Etí ọmọdé wà nínú gbọ̀ngàn, mo bẹ̀ yín.

Ti iná ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ yín lé bátìrì kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ariwo hùn-ún tó ń bá sípíkà jà, tó wà ní 50 Hz àti àwọn ìlọ́po rẹ̀, ọ̀nà ṣájà ló ń gbà wọlé, ẹ ó sì gbọ́ tí yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá fà á yọ. Bí kò bá dákẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi DI (àpótí kékeré tí ohùn ń gbà kọjá, tó lè gé irú ariwo yìí) sí àárín sound card àti míkísà. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì láti pa ariwo. Ènìyàn lè kú síbẹ̀. Nígbà tí sound card yín ń gba iná láti USB, bí wọ́n bá mú iná lọ, kọ̀ǹpútà kò ní kú, ètò kò ní dúró. Sípíkà nìkan ni yóò dákẹ́ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbé e. Ìyá ìlù kò nílò iná. Ẹ kọ eré yín lọ́nà tó jẹ́ pé onílù mọ ohun tí òun yóò máa lù ní àkókò yẹn, kí ẹ sì fa ohùn ẹ̀rọ bọ̀ sí òdo lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà já lu èrò bí iná bá dé.

Ìlú-Òkèèrè:

Láti London ni mo ti ń kọ̀wé. Lórí pé kí èrò máa wo ojú kọ̀ǹpútà, èmi ní kí ẹ fi hàn wọ́n. Ní ọdún 2004 ní Hamburg, ní Jámánì, àwọn kan dá ẹgbẹ́ TOPLAP sílẹ̀, tí wọ́n ń kọ ètò orin lójú èrò, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sì dúró lé ni pé kí olùṣeré má ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ìdérí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń ṣe Algorave níhìn-ín, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jó sí ohun tí ẹnì kan ń tẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń kà á lára ògiri bó ṣe ń yí padà. Mo ti dúró sí irú ibẹ̀ rí, mo sì lè jẹ́rìí pé ó máa ń mú kí ojú àti etí ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó ń wo ọkùnrin kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà láìmọ ohun tó ń ṣe, lójú rẹ̀ bóyá lẹ́tà ló ń kọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí agbára kọ̀ǹpútà yín dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 1978, ní agbègbè San Francisco, àwọn tó pe ara wọn ní League of Automatic Music Composers fi kọ̀ǹpútà KIM-1 ṣeré lójú èrò. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, owó ọ̀kan jẹ́ dọ́là 245, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kilobyte kan ṣoṣo. Wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn kí èyí tí ọ̀kan bá ṣe lè yí ohun tí èkejì ń ṣe padà. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ju gbogbo ìyẹn lọ fíìfíì.

Olùkọ́-Orin:

Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí Ìlú-Òkèèrè sọ, ṣùgbọ́n n kò gbà fún eré yìí. Níbi tí ènìyàn bá ti ń kọ ètò lọ́wọ́, ojú kọ̀ǹpútà ni ibi tí iṣẹ́ wà, ó sì tọ́ kí a wò ó. Níhìn-ín, iṣẹ́ wà ní ọwọ́ onílù: ọ̀pá tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn àti ọwọ́ òsì tó ń fún ọsán. Bí ẹ bá gbé àwòrán ńlá sára ògiri lẹ́yìn wọn, ojú gbogbo ènìyàn yóò kúrò lára bàbá yẹn lọ sára ògiri. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, lórí àga tó ga bákan náà, kí tábìlì má ṣe bo ọwọ́ yín, kí ó sì jẹ́ pé nígbà tí ẹ bá yí bọ́tìnnì, ohun tó yí padà nínú ohùn hàn gbangba. Bọ́tìnnì mẹ́fà tó ní iṣẹ́ tó dá yàtọ̀ sàn ju ọgbọ̀n lọ. Ẹ tún mọ̀ pé bọ́tìnnì MIDI lásán (èyí tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà) ní ipele 128 péré. Bí ẹ bá so ó tààrà mọ́ gíga ohùn, ohùn yóò máa gun àtẹ̀gùn dípò kí ó yọ̀, ohun tí dùndún kì í ṣe. Ẹ fi line~, tó ń mú nọ́ńbà kan yọ̀ dé èkejì, tẹ́ ẹ, nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdù 50.

Nísinsìnyí, lórí pé kí ẹ̀rọ "dá tirẹ̀ sọ", ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé ọkàn lé. Ẹni tó yẹ kí ẹ kẹ́kọ̀ọ́ lára iṣẹ́ rẹ̀ ni George Lewis, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fọn trombone (irú fèrè idẹ kan). Láàárín ọdún 1986 sí 1988, ní STEIM, ilé ìwádìí orin ẹ̀rọ kan ní Amsterdam, ó kọ ètò kan tó pè ní Voyager, tó ń gbọ́ ohun tí ènìyàn ń fọn, tó sì ń pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí òun yóò ṣe sí i. Ó lè tẹ̀ lé ènìyàn, ó lè takò ó, ó sì lè máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Kò sí bọ́tìnnì tí olùṣeré ń tẹ̀ láti pàṣẹ fún un. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé Lewis kò kà á sí ohun èlò tó wà lábẹ́ òun, olùbákẹ́gbẹ́ ló kà á sí.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ tó kéré. Kí ètò yín máa ka iye ìgbà tí ọ̀pá kan awọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5 tó kọjá. Bí onílù bá ń lù kíkankíkan, kí ẹ̀rọ máa fọ ohùn díẹ̀díẹ̀ tó gùn. Bí onílù bá fara balẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa sáré. Kí gíga ohùn tí ó ń lò wá láti inú èyí tí ó ti gbọ́ lọ́wọ́ onílù ní àárín ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, kí ó má jẹ́ ti dùùrù, torí pé ìlù náà kò bá dùùrù mu, ìjà wọn yóò sì máa ro etí. Kí ẹ sì fi àǹfààní kan sí i, bóyá ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, pé kò ní fèsì rárá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń jẹ́ kí onílù gbà pé ó ń gbọ́ òun, nítorí pé ohun tó ń dá ènìyàn lóhùn ní gbogbo ìgbà, kò sí bí a ṣe lè bá a fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dáwọ́ kíkọ ètò dúró. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí ju gbogbo èyí tí mo ti wí. Michel Waisvisz, tó darí STEIM, ṣe ohun èlò kan tó ń jẹ́ The Hands ní ọdún 1984, èyí tí ó ń wọ̀ mọ́ ọwọ́ méjèèjì láti fi darí ohùn. Ó dé ìgbà kan tó pinnu pé òun kò ní tún un ṣe mọ́, pé òun yóò kàn máa fi ṣeré, kí ara òun lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń yí ètò rẹ̀ padà títí di alẹ́ ọjọ́ eré ń gbé ohun èlò tí kò tíì lù rí lọ síwájú èrò, nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń lu tirẹ̀ láti kékeré. Ẹ ya ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ pátápátá fún ìdánrawò pẹ̀lú bàbá yẹn, kí ẹ má ṣe fi ohun tuntun kún un.

Bí ẹnikẹ́ni níbi ìpàdé náà bá ní iṣẹ́ àjèjì lẹ gbé wá, ẹ sọ fún un pé Halim El-Dabh, ọmọ Íjíbítì, ti ká ohùn ayẹyẹ zaar (ètò tí wọ́n fi ń lé ẹ̀mí jáde) sórí wáyà ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ní Cairo ní ọdún 1944, tó sì lo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rédíò láti pa á dà di iṣẹ́ orin. Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìlú-Òkèèrè:

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti onílù, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èrò lè sún mọ́ tábìlì lẹ́yìn eré, kí wọ́n wo ètò náà, kí wọ́n béèrè. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá rí i pé ètò ọ̀fẹ́ ni, pé kọ̀ǹpútà lásán ló gbé e, wọ́n lè lọ bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Aṣẹ̀ṣẹ̀dé:

Ẹ ṣeun gan-an, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín tó bàbá onílù létí. A ti pín eré náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń ki oríkì, ẹ̀rọ kò ní ṣe ju kí ó fẹ ohùn náà díẹ̀, kí ó sì tún odindi gbólóhùn sọ bí wọ́n bá dákẹ́. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí ó sọ ohun tí àwọn kò sọ, mo sì ti yọ ibi tí ètò náà ti ń ṣẹ́ ohùn sí wẹ́wẹ́ kúrò nínú apá yẹn pátápátá. Ní apá ijó, wọ́n gbà kí ó ṣe bí ó ṣe fẹ́; wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni kò ní dá wọn lóhùn, wọ́n ní ọmọ tó gbọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: bí kọ̀ǹpútà bá dì nígbà tí a wà lórí ìtàgé, kí ni mo máa ṣe?

Oníwáyà:

Ẹ mú kí ètò náà lè jí fúnra rẹ̀. Ẹ fi loadbang sínú rẹ̀, tí yóò rán "; pd dsp 1", kí ohùn lè ṣí nígbà tí fáìlì bá ṣí láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan. Kí ohùn àgbà, ìyẹn ìwọ̀n tó ń darí gbogbo ohùn tó ń jáde, bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ gbé e wá sókè. Ẹ ṣe fáìlì kékeré kan sí ojú kọ̀ǹpútà, tí yóò ṣí Pure Data àti ètò yín pọ̀ ní ìtẹ̀ kan. Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ nínú ìdánrawò: ẹ fa wáyà USB yọ nígbà tí onílù ń lù lọ́wọ́, ẹ so ó padà, ẹ pa ètò, ẹ ṣí i, ẹ mọ iye àkókò tó gbà. Iye àkókò yẹn ni onílù nílò láti mọ̀, torí pé òun ni yóò gbé eré ní gbogbo àsìkò náà. Ẹ gbé wáyà USB kejì dání, kí ẹ sì fi téèpù di èyí tó wà lójúhò mọ́ etí tábìlì, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní dídì kọ̀ǹpútà, wáyà tí ẹsẹ̀ ènìyàn fà ni.

Ọmọ-Àyàn:

Ẹ fi kún un pé kí ẹ ní àmì tí ẹ̀yin yóò fi sọ fún bàbá pé ẹ̀rọ ti dákẹ́, àti òmíràn pé ó ti padà. Ẹ má pariwo, ẹ má ju ọwọ́. Onílù kì í gbójú sókè nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé etí tábìlì ní apá ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti lè rí i láìyí orí. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n wọ inú ọ̀rọ̀ tó gùn, kí wọ́n sì parí gbólóhùn tí wọ́n bá wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ohùn ẹ̀rọ padà wá.